Káìtì tuntun àbí àlòkù, 12 àbí 9: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kitesurfing ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wo Ellie Aldridge nígbà tó gba góòlù fún Britain ní Olympics 2024, tó wá ń wu ẹ̀yin náà kí káìtì máa fà yín lórí omi, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí wọ́n lò ní Marseille yẹn kọ́ lohun tẹ́ẹ máa rà o. Bọ́ọ̀dù tiwọn ní foil lábẹ́, ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé e kúrò lójú omi, káìtì wọn náà yàtọ̀, eré sísá ni wọ́n ṣe é fún. Tẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tí iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀ jọra, twin tip ni wọ́n ń pè é, àti káìtì tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù fún afẹ́fẹ́ sí etí ẹ̀ kó lè léfòó tó bá jábọ́ sómi. Lójú tèmi, kíláàsì àti bar, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ máa dì mú láti fi darí káìtì, ni kẹ́ẹ náwó gidi lé, èyí tó pọ̀ nínú ìyókù lè jẹ́ àlòkù, mo máa ṣàlàyé ìdí.

Kíláàsì kọ́kọ́ àbí ẹrù kọ́kọ́?

Kíláàsì ni. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀ máa ń dunni, torí ọjọ́ kan péré máa ń ju £100 lọ lọ́pọ̀ ibi, èèyàn á wá máa rò ó pé owó ọjọ́ mélòó kan yẹn ti tó ra káìtì àlòkù, kí n kúkú máa wo YouTube kí n dá kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Káìtì tó bá já gbà mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lè gbé e nílẹ̀ kó lọ là á mọ́ ògiri. Yàtọ̀ síyẹn, ẹrù iléèwé lẹ máa lò, káìtì, harness (bẹ́líìtì ńlá tó so yín mọ́ káìtì), hẹ́límẹ́ẹ̀tì, aṣọ omi (aṣọ rọ́bà tó ń gbòtútù), wọ́n sábà máa ń kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ owó náà, kẹ́ẹ tó parí ẹ ti fi oríṣiríṣi ìwọ̀n dánra wò, ẹ ò sì tíì náwó lé ohun tí ò bá yín mu. Iléèwé tí tíṣà ẹ̀ bá ní ìwé ẹ̀rí British Kitesports, ẹgbẹ́ oníkáìtì Ìlú Ọba, tàbí ti IKO, ẹgbẹ́ àgbáyé, ni kẹ́ẹ wá. Kẹ́ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ́ yín bẹ́ẹ ṣe máa jẹ́ kí káìtì fà yín nínú omi láìsí bọ́ọ̀dù, àti bẹ́ẹ ṣe máa ká okùn kẹ́ẹ sì fi káìtì tó ti jábọ́ gbéra yín padà sétíkun. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ fò torí pé kò dùn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú èèyàn délé lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́.

12 àbí 9?

Nọ́ńbà yẹn ni bí aṣọ káìtì ṣe fẹ̀ tó ní square mítà. Ẹni tó bá wọn kílò 75 sí 80, 12 á máa ṣiṣẹ́ fún un tí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín nǹkan bí 13 sí 20 knots (bí wọ́n ṣe ń wọn eré afẹ́fẹ́ nìyẹn), 9 á gbà á láti nǹkan bí 18 lọ dé 26. Ẹni kílò 60 á sún un wálẹ̀, ohun tí 12 ń ṣe fún ẹni kílò 80, 9 tàbí 10 ló máa ṣe é fóun. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ lè rà, tẹ́ẹ sì tó kílò 80, 12 ni kẹ́ẹ mú, torí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ò le ló yẹ kẹ́ni tó ń kọ́ ọ jáde, tó bá ti ń fẹ́ dé 25 ẹ jókòó sétíkun kẹ́ẹ máa wo àwọn ọ̀gá. Ẹ má gbọ́ tẹni tó ní kẹ́ẹ ra 14 pé ẹ̀ẹ́ máa dàgbà sínú ẹ̀, káìtì kì í ṣe ṣòkòtò ọmọ iléèwé.

Onírísí C àbí bow?

Ibí yìí ni kẹ́ẹ ti fara balẹ̀. Láyé ọjọ́un, káìtì onírísí lẹ́tà C ló pọ̀ lọ́jà, tẹ́ẹ bá ti bar ẹ̀ síwájú pé kó dẹwọ́, ó ṣì ń fà yín lọ ni. Nǹkan bí 2005 ni bow, tó tẹ́ ju C lọ, dé, iṣẹ́ Bruno Legaignoux ará Faransé, òun àti Dominique, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, àwọn náà ló ti gbàwé àṣẹ lórí káìtì tí wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ sí látọdún 1984. Bow yìí, tẹ́ẹ bá ti ti bar kúrò lára, agbára ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá, tó bá sì jábọ́ sómi ó rọrùn láti gbé dìde. Delta, èyí tó rí bí igun mẹ́ta, náà wà nínú ìdílé yẹn. Wọ́n ṣì ń ṣe C o, àwọn tó ń fò tí wọ́n ń tàkìtì lókè ló ń lò ó, kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Tẹ́nì kan bá gbé káìtì 2003 wá pé £80 péré, ẹ kí i kẹ́ẹ máa bá tiyín lọ.

Tuntun àbí àlòkù?

Káìtì tuntun pẹ̀lú bar ẹ̀ máa ń kọjá £1,000 dáadáa, èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta mẹ́rin lè já sí ìlàjì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ àlòkù, àmọ́ ẹ má sanwó lórí fọ́tò. Ẹ ní kẹ́ni tó ń tà á fún afẹ́fẹ́ sí i lójú yín títí á fi le gbagidi, kẹ́ẹ wá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ lọ mu tíì, tẹ́ẹ bá padà dé tẹ́ẹ tẹ etí ẹ̀ tó ti rọ̀, ó ń jò nìyẹn, bóyá ẹnu fáàfù ni bóyá rọ́bà inú ẹ̀ ni. Ẹ fọwọ́ ra aṣọ ẹ̀, èyí tó ṣì lókun á máa dún ṣaraṣara, èyí tí oòrùn ti jẹ á ti rọ̀ jọ̀bọ̀. Ẹ gbé e kọjú sí oòrùn kẹ́ẹ wo ihò wẹ́wẹ́. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ò burú tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló ti jáde, èyí tó bá ti ya lójú ìránpọ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ẹ bẹ̀rù.

Bar ńkọ́? Ẹ so ẹnu okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ òpó kan ṣoṣo, kẹ́ẹ rìn sẹ́yìn kẹ́ẹ fà á ṣinṣin. Tí bar bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, okùn kan ti nà ju èkejì lọ, káìtì á sì máa yà síbẹ̀ ṣáá lójú òfuurufú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo quick release, ibi tẹ́ẹ máa tì tẹ́ẹ bá fẹ́ já ara yín gbà lọ́wọ́ káìtì. Ẹ so ó mọ́ harness lára yín, kẹ́nì kan fà á dáadáa, kẹ́ẹ fọwọ́ kan tì í. Ó gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀. Tó bá ń ha, tàbí tí yanrìn àti iyọ̀ ti dì í, mi ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Látọdún 2020 ni ìlànà ISO 21853 ti wà fún quick release, bar tó bá kún ojú ìlànà yẹn ni kẹ́ẹ rà, ìdí nìyí tí mo fi ní kí bar jẹ́ tuntun tápá bá ká a, kó sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe káìtì yín.

Bọ́ọ̀dù, harness, aṣọ omi

Bọ́ọ̀dù ńlá dáa ju kékeré lọ fún yín. Ẹni kílò 80 lè mú èyí tó gùn tó 140 sí 145 sẹ̀ǹtímítà, ó tètè ń gbéra lórí omi, á sì rọrùn láti padà síbi tẹ́ẹ ti gbéra. 132 táwọn tó ti mọ̀ ọ́n fi ń fò á máa rì mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Àlòkù ni kẹ́ẹ rà, kẹ́ẹ ṣáà wò ó bóyá etí ẹ̀ ti là tàbí ojú ihò síkúrù ti jẹ.

Harness tí wọ́n ń jókòó sí, èyí tó gba itan kọjá, kì í gòkè wá sí ìgbáàyà nígbà tí káìtì bá wà lókè orí, bó sì ṣe máa ń rí fẹ́ni tó ń kọ́ ọ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ti ìbàdí ń jẹ́ kára yí dáadáa, òun lọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ tó bá yá. Ẹni tí ikùn ẹ̀ bá yọ díẹ̀ tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́ẹ wọ̀ ọ́ wò o, ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìwọ̀ ọ́.

Aṣọ rọ́bà 3/2 àti 5/4 lẹ máa rí, nọ́ńbà yẹn ni bó ṣe nípọn tó ní mìlímítà, ti àkọ́kọ́ fún àyà àti ẹ̀yìn, ìkejì fún apá àti ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, 5/4, omi òkun gúúsù England tutù gan-an títí wọ oṣù karùn-ún. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, tuntun ni, kò sí àríyànjiyàn.

Níbo lẹ ti máa kọ́ ọ?

Poole Harbour ní gúúsù England ò jìn lápá tó pọ̀, ẹsẹ̀ yín á máa kanlẹ̀, ìyẹn ń fọkàn ẹni balẹ̀. Camber Sands ní iyanrìn tó tẹ́ lọ rẹrẹ tí omi bá fà sẹ́yìn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ àkókò tómi ń padà. Ẹni tó bá ní lífù tówó sì wà lè lọ sí Cumbuco ní Brazil láàárín oṣù kẹjọ sí ìkọkànlá, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọjọ́ sinmi, omi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀sà Cauípe tó wà nítòsí ò sì ní ìgbì, ẹ̀ẹ́ lè kọ́ ọ láìra aṣọ rọ́bà rárá. Ibi yòówù kó jẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ látorí ilẹ̀ lọ sójú òkun, ẹ má wọmi.

Tẹ́ẹ bá ti rà á tán, ẹ di ọmọ ẹgbẹ́ British Kitesports kẹ́ẹ lè ní ìnṣúránsì nítorí àwọn tẹ́ẹ lè ṣèṣì ṣe léṣe, ọ̀pọ̀ etíkun ló ń béèrè ẹ̀. Kẹ́ẹ sì fi bírò tómi ò lè pa kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sára káìtì àti bọ́ọ̀dù, torí táwọn RNLI, ẹgbẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là lójú òkun, bá rí bọ́ọ̀dù tó ń léfòó láìsí èèyàn lórí ẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín kiri inú òkun, ìpè kan ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti délé. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ pàdánù ẹ̀, ẹ pe 999 kẹ́ẹ bèèrè Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, ẹ sọ fún wọn pé ara yín le.