Ìkìlọ̀: Ẹ má tíì sanwó bandsaw tòkunbọ̀ yẹn

Ẹ̀yin káfíńtà, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré nínú ọgbà ilé yín ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀rọ̀ bandsaw kékeré, ẹ̀rọ tí bíléèdì rẹ̀ ń yí lórí wíìlì méjì láti fi gé igi, la mú wá. Kì í ṣe CD ńlá ti sọ́mìlì o, èyí tí wíìlì rẹ̀ kò ju íǹṣì 9 sí 14 lọ là ń wí. Àwọn kan ń ta ohun tí kì í ṣe bandsaw igi lórúkọ bandsaw igi, àwọn mìíràn sì ń fi ọ̀dà bo ẹ̀rọ tó ti kú. Tí ẹrù bá sì ti gba Ọ̀mù-Àrán tàbí Lọ́kọ́ja wọ ọ̀dọ̀ wa, àtidá a padà di wàhálà: owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, ẹni tó tà á kò sì ní gbé fóònù mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tó wà níwájú yín. Bandsaw tí wọ́n fi ń gé ẹran àti ẹja inú fíríìsà pọ̀ lọ́jà, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n á ní ti igi ni. Ẹ wo tábìlì rẹ̀, kì í ṣe é dà sí ẹ̀gbẹ́. Wíìlì rẹ̀ sábà máa ń wà láìní rọ́bà, kò sì ní àwọn bẹ́ríǹgì kéékèèké tó ń ti bíléèdì lẹ́yìn lókè àti nísàlẹ̀ tábìlì. Ẹ ti ìrókò tó ga ní íǹṣì 4 sí i, bíléèdì á ya kúrò lójú ìlà nítorí kò sóhun tó dì í mú.

Ti àwọn tó ń gé irin tún wá burú jù, torí tí wọ́n bá gbé e nàró, ó jọ ti igi gan-an. Eyín bíléèdì rẹ̀ wẹ́, ó lè tó 14 sí 18 nínú íǹṣì kan. Ẹ ó rí fáìsì lára rẹ̀, tàbí ihò bóòtù níbi tí wọ́n ti tú fáìsì kúrò. Eré rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 80 sí 200 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ti igi ń sá tó 3,000. Kò sí bíléèdì tí ẹ lè fi sí i tí yóò fi di ti igi. Ẹni tó ń tà á á ní jẹnẹrétọ̀ òun ló kéré ni kò jẹ́ kó sáré. Irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ iná ló ń jẹ owó èèyàn jù. Iná tiwa jẹ́ fóòtì 230, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Wọ́n á yọ àwo kékeré tí wọ́n kọ fóòtì sí lára mọ́tọ̀ tàbí kí wọ́n fi ọ̀dà pa á rẹ́, wọ́n á sì fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i. Ẹ ní kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì náà lójú yín. Tí wáyà inú rẹ̀ bá jẹ́ dúdú, funfun àti àwọ̀ ewé, ti Amẹ́ríkà ni. Ẹ má ṣe tì í bọ iná ilé láìrí àwo yẹn. Tí àwo bá kọ 115/230, a lè yí wáyà rẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ 115 nìkan, ẹ fi owó sítẹ́ẹ̀pù-dáùn (ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì iná kù) kún iye tí wọ́n pè é. Fún họ́sípáwà 1, ẹ má ra èyí tó dín sí 3kVA, nítorí iná tí mọ́tọ̀ ń fà nígbà tó bá ń ṣí lọ́wọ́ pọ̀ ju èyí tó ń lò lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Tí àwo bá sì kọ tírí-fésì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní in nílé.

Họ́sípáwà ara sítíkà náà, ẹ má fọkàn sí i. Họ́sípáwà 1 jẹ́ wáàtì 746. Mọ́tọ̀ tí àwo rẹ̀ kọ wáàtì 450, kò sí bó ṣe lè jẹ́ 2HP.

Ẹ mú òòfà kékeré dání. Ẹ fi sí ọrùn ẹ̀rọ, níbi tó ti tẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Tí òòfà bá ń lẹ̀ mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń jábọ́ láàárín, bọ́dì-fílà ni wọ́n fi dí ibi tó ti là. Irin tó là níbẹ̀ kò ní lè gba fífà bíléèdì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ ni pé ariwo rẹ̀ ń bo ti bẹ́ríǹgì. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ dẹ bíléèdì, ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì òkè: ó yẹ kó máa yí lọ ní jẹ́jẹ́ láìhan. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ mì í síwá sẹ́yìn. Tó bá ń mì, bẹ́ríǹgì tàbí ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ. Ẹ wo rọ́bà tó yí wíìlì ká dáadáa. Àwọn kan ń gé túùbù kẹ̀kẹ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ máa rí ibi tí orí rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, á ga díẹ̀, bíléèdì á sì máa fò níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yí.

Ẹ wo sípíríǹgì tó ń fa bíléèdì pẹ̀lú. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti rún papọ̀ láìsí àlàfo kankan, ó ti rẹ̀.

Pákó tiyín ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, kì í ṣe páláńkù fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá nà sí yín. Ìrókò tàbí àpá gbígbẹ, íǹṣì 4 ní gíga, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn, ẹ fa ìlà sí i. Bíléèdì ½ íǹṣì eléyín 3 nínú íǹṣì kan ló dáa fún un. Tí wọ́n bá gé e tán, ẹ fi sùkúyà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ojú ibi tí wọ́n gé bá yọ ikùn, bíléèdì kò fà tó tàbí kó ti kú. Ẹ fi bíléèdì tuntun gé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ṣì yọ ikùn, ẹ má rà á. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì fọwọ́ kan mọ́tọ̀ wò bóyá ó ti gbóná jù.

Ẹ bèèrè gígùn bíléèdì. Ti 14 íǹṣì tí wọ́n ń ṣe ní ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 93½ íǹṣì. Tí wọ́n bá fi irin gbé orí rẹ̀ sókè, 105. Tí ẹni tó ń tà á bá ní “Bíléèdì nìkan ló kù”, ó túmọ̀ sí pé ẹ kò tíì rí i kó ṣiṣẹ́.

Ní tiwa, tòkunbọ̀ 14 íǹṣì onírin dídà tó pé sàn ju tuntun 9 íǹṣì oní-páànù lọ. Ìdí tí a fi ń kígbe nìyẹn, a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá fún tòkunbọ̀ tó dáa.

Ẹni tó bá ń rà á lórí fóònù, kó ní kí wọ́n fi fídíò ránṣẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ yín àti déètì ọjọ́ náà sórí pákó tí wọ́n bá ń gé. Fọ́tò lásán kò tó. Ẹ má san gbogbo owó kí ẹrù tó dé, ẹ sì tú páálí rẹ̀ ní gáréèjì lójú dírẹ́bà.

Bí owó bá ti lọ ná, ẹ lọ bá báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ọlọ́pàá àti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, létí. Ẹ tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ àti rìsíìtì. Kí ẹ tó jẹ́ kí ríwáyà tàbí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án, ẹ ya fọ́tò àwo mọ́tọ̀, wáyà inú púlọ́ọ̀gì àti ibi tí ọrùn ti là, torí tí wọ́n bá ti tú u, ẹni tó tà á á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.