Ẹ̀rọ atọ́nà tó bá ọkọ̀ wá àti èyí tí mo rà fi sí i: mo ti lo méjèèjì

Ọkọ̀ méjì ni mo ń wà. Ẹ̀rọ atọ́nà ti wà nínú àkọ́kọ́ láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Rédíò lásán ló wà nínú ìkejì nígbà tí mo rà á; mo yọ ọ́, mo sì fi ẹ̀rọ tó ń lo Android Auto, ètò tó ń gbé máàpù inú fóònù sójú ẹ̀rọ ọkọ̀, rọ́pò rẹ̀. Mo ti fi méjèèjì rìn tọ̀sán tòru, ẹnu mi sì gbà á láti sọ pé èyí tí mo rà fi sí i ni mo fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí èyí tó bá ọkọ̀ wá ti ń nà án mọ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mímọ ibi tí ọkọ̀ wà gan-an. Sátẹ́láìtì GPS ni fóònù gbójú lé, àwọn sátẹ́láìtì yìí sì wà lókè réré, nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sílẹ̀. Mẹ́rin ó kéré tán nínú wọn ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí kó tó lè mọ ojú ibi tó wà dáadáa. Ẹ wọ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà nísàlẹ̀ ilé gogoro, kò ní rí ọ̀kankan mọ́. Èyí tó bá ọkọ̀ wá kò ní ṣìnà níbẹ̀ bọ̀rọ̀, torí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn fún un: bí táyà ṣe ń yí sí, apá ibi tí imú ọkọ̀ kọ sí. Á máa fi ìyẹn ṣírò títí ẹ ó fi jáde síta. Nínú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó là sí méjì, èyí tí mo rà a máa dúró gbagidi bí ẹni tí oorun gbé lọ. Ìgbà tí mo bá kọjá ìyànà tán ló máa ń ní kí n yà. Ọgbọ́n ìṣirò yìí ti pẹ́ o. Lọ́dún 1981 ni Honda gbé ẹ̀rọ atọ́nà kan tó ń jẹ́ Electro Gyrocator jáde, tí kò lo sátẹ́láìtì kankan, tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ ṣe ń rìn tó sì ń yí ló fi ń mọ ibi tó dé lórí máàpù.

Àwọn ẹ̀rọ kan tí à ń rà fi sí ọkọ̀ náà ní wáyà tí wọ́n lè fi gba ìròyìn eré tí ọkọ̀ ń sá. Bí tiyín bá ní in, ẹ má ṣe jẹ́ kí réwáyà ká a tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kò pọn dandan.

Ní ti máàpù, ọ̀rọ̀ yí padà. Èyí tó bá ọkọ̀ mi wá ṣì ń fi mí hàn láàárín igbó lórí títì tí gbogbo ayé ti ń gbà tipẹ́. Káàdì ni wọ́n fi ń tún un ṣe, owó ni, tí ilé-iṣẹ́ bá sì ti dá máàpù irú ọkọ̀ yẹn dúró, ó parí nìyẹn. Ọkọ̀ ṣì ń sáré, máàpù ti darúgbó. Kódà àwọn ọkọ̀ tó ń gba ìròyìn láti ojú afẹ́fẹ́ kò bọ́: nígbà tí ilé-iṣẹ́ fóònù AT&T pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tíì gbó rárá ni iṣẹ́ orí afẹ́fẹ́ wọn kú. Fóònù mi ńkọ́? Google Maps àti Waze ń tún ara wọn ṣe láìgba kọ́bọ̀, wọ́n ń sọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà, mo sì lè fi ẹnu lásán sọ ibi tí mò ń lọ. Lórí èyí tó bá ọkọ̀ wá, bọ́tìnì kan ni mo ń yí láti ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká sòótọ́, ó máa ń sú mi.

Kí ẹ tó ra tiyín, ẹ wo ojú dáṣíbọọ̀dù. Bó bá jẹ́ ihò rédíò tó gùn ní mílímítà 180, tó sì ga ní 100, ó ṣeé ṣe wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú ẹ̀rọ tó bá ọkọ̀ wá náà ni ẹ fi ń darí ẹ̀rọ amúlétutù àti ètò inú ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ohun tí ẹ máa pàdánù á ju ohun tí ẹ máa jèrè lọ.

Ẹni tó máa so ó ṣe pàtàkì ju orúkọ ẹ̀rọ lọ. Wáyà yẹ́lò ni iná kì í kúrò lórí rẹ̀; pupa sì ni ti ìgbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Réwáyà tó bá so méjèèjì pọ̀ sójú kan yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ máa jẹ iná mọ́jú, bátìrì á sì kú. Ẹ ní kó ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá irú ọkọ̀ yín mu, kó má gé wáyà tó bá ọkọ̀ wá. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn bọ́tìnì orí sítíárìn ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń rà lọ́tọ̀ fún ìyẹn. Antẹ́nà GPS kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ irin, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé gíláàsì iwájú tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bò kì í jẹ́ kí àmì sátẹ́láìtì wọlé dáadáa. Wáyà kan tún wà tó ń mú kí ojú ẹ̀rọ rẹlẹ̀ tí a bá tan iná ọkọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fo tèmi, ó sì ń tàn yàà sí mi lójú lóru títí mo fi dá a padà fún wọn.

Bí mo bá fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun, n kò ní san àfikún owó fún ẹ̀rọ atọ́nà tí Apple CarPlay (irú Android Auto tó wà fún iPhone) tàbí Android Auto bá ti wà nínú ọkọ̀ náà. Kìkì ẹni tó ń rìn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ni màá sọ fún pé kó rò ó, torí inú ọkọ̀ níbẹ̀ ni máàpù èyí tó bá ọkọ̀ wá wà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi máa ń gba máàpù agbègbè bẹ́ẹ̀ sórí fóònù nílé kí n tó gbéra.