Kámẹ́rà orí fìlà tí mo fi ń ya bàálù orí wáyà: ohun tí ojú mi rí

Ọjọ́ tí mo fi bàálù kékeré mi, èyí tí mo ń fi wáyà darí láti ilẹ̀, fò dáadáa jù lọ ni kámẹ́rà yìí já mi kulẹ̀. Afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ń dún bó ṣe yẹ kó dún, mo sì dá gbogbo àrà tán, títí dé àrà tí à ń pè ní ewé mẹ́rin tó ṣáájú ìbalẹ̀, kí ìṣẹ́jú 7 tí òfin F2B, ìdíje àrà bàálù orí wáyà, fún wa tó pé. Mo délé, mo tan fídíò. Gbogbo ibi tí bàálù ti kọ igun ló ti pòórá nínú àwòrán! Ojú ọ̀run lásán ni mo ń wò. Oúnjẹ alẹ́ ò wọ̀ mí lọ́fun.

Ìwọ̀n rẹ̀ àti bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó wà lára páálí, ẹ lọ kà á níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù ní orí mi ni kò dúró jẹ́ẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé èmi ni mo dúró láàárín, wáyà méjì tó lè gùn tó mítà 21.5 ló so bàálù mọ́ ọwọ́ mi, ó sì ń yí mi po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5. Báwo ni orí mi ṣe fẹ́ dúró jẹ́ẹ́? Ó ní kí n pààrọ̀ fìlà. Ẹnì kejì ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tàn án, pàbó ló já sí.

Ìgbà kẹta ni mo bá obìnrin kan pàdé. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní kí n fi fídíò náà ránṣẹ́, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ pè mí lọ́jọ́ kejì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá fa ọwọ́ kí bàálù kọ igun, ṣé orí yín máa ń tẹ̀ lé e lójijì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: ètò tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n ń ka yíyí orí mi sí ìgbọ̀nrìrì, ó ń fa àwòrán sẹ́yìn, kó tó lé bàálù bá, bàálù ti lọ. Ó ní kí n pa ètò yẹn, kí n ti fókọ́ọ̀sì pa nítorí ojú ọ̀run kò ní ohun tí lẹ́ńsì lè dì mú, kí n sì ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọlọ́run bù kún un fún mi.

Fídíò tó tẹ̀ lé e ni mo wò ní ìkọ̀ọ̀kan àwòrán. Ní igun kejì òbírí onígun mẹ́rin, ìyẹn àrà tí bàálù ti ń kọ igun mẹ́rin lójú ọ̀run, apá òde bàálù, èyí tó jìnnà sí mi, tẹ̀ sísàlẹ̀, wáyà sì dẹ̀ fún ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tún le. Ọdún méjì ni mo ti ń dá ọwọ́ mi lẹ́bi fún igun yẹn! Mo ṣí àpótí kékeré tó wà ní ṣóńṣó apá òde, mo yọ gíráàmù 5 kúrò nínú òjé tó ń mú apá yẹn wúwo jù. Igun náà mú ṣáṣá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo balẹ̀, inú mi dùn débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, irọ́ ni wọ́n kọ sára páálí pé kámẹ́rà yìí nìkan tó. Láti orí fìlà, àárín àwòrán ni bàálù máa ń wà nígbà gbogbo, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá òbírí yín rí roboto. Ẹ gbé kámẹ́rà kejì ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta lóde òbìrìkìtì, ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, níbi tí adájọ́ máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ àrà yín wà ní mítà 1.5 sí ilẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́ńsì kámẹ́rà orí fìlà yìí tún ń mú kí ilẹ̀ tó tẹ́jú dà bí èyí tó tẹ̀, ìdè tó so ó mọ́ fìlà sì kán ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Wọn ò fún mi ní òmíràn, kódà wọn ò fèsì lẹ́tà mi.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ohun tí obìnrin yẹn sọ fún mi yẹ kó wà nínú ìwé ìlò láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ti fi okùn so kámẹ́rà náà padà mọ́ fìlà mi, torí láàárọ̀ ọ̀la, òbírí onígun mẹ́ta ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.