Àgbéyẹ̀wò: Amọ̀nà tó mú wa gun Cairn Gorm nínú yìnyín

Pọ́n-ùn 80 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san fún ọjọ́ kan pẹ̀lú amọ̀nà lórí Cairn Gorm, ní Scotland, lóṣù Kejì. A ò rí nǹkan kan látorí òkè náà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n tún un san lọ́la, màá san án, torí ohun tí wọ́n kọ́ wa ká tó débẹ̀.

Aṣọ òtútù ni gbogbo èèyàn máa ń rò, ṣùgbọ́n bàtà gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sí. Àáké yìnyín, akoto àti crampon, ìyẹn irin ẹlẹ́yín tí wọ́n ń dè mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, wà nínú owó náà. Bàtà ò sí níbẹ̀. Ẹ háyà tiyín ní Aviemore, ìlú tó wà nítòsí òkè náà, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì béèrè B1, ó kéré tán, ìyẹn ìpele bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le tó láti gba crampon. Bàtà ìgbà ooru máa ń tẹ̀ lábẹ́. Bó bá sì ti ń tẹ̀, crampon á bọ́.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí Coire Cas la ti pàdé. Ibẹ̀ ti ga tó nǹkan bíi mítà 635, orí òkè sì jẹ́ 1,245, nítorí náà ọkọ̀ ti bá wa gun ìdajì. Kí amọ̀nà tó jẹ́ ká gbẹ́sẹ̀, ó ka ìròyìn ọjọ́ náà látọ̀dọ̀ Scottish Avalanche Information Service, àwọn tó ń kìlọ̀ nípa yìnyín tó lè ya lulẹ̀ látorí òkè, fún wa. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn ti gbá yìnyín kọjá, ó ti dà á jọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ìlà oòrùn. Irú yìnyín tuntun bẹ́ẹ̀ kì í tètè lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹnì kan tó láti mú un ya lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbé wa gba Fiacaill a' Choire Chais, níbi tí òkè ti yọ bí eegun ẹ̀yìn, tí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí yìnyín pọ̀.

Àmọ́ ó kọ́kọ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ó wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ní òkúta, ó ní ká bọ́ crampon, ká jókòó, ká máa yọ̀ lọ. Bó o bá ti ń yọ̀, wàá dojú bolẹ̀, wàá fi àyà tẹ àáké kí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó wọnú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ, wàá sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Má fojú kéré ẹsẹ̀ gbígbé yẹn: bí crampon bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ, tó sì kọ́ yìnyín lójijì, ó lè ṣẹ́ ọ lọ́rùn ẹsẹ̀ tàbí kó ta ọ́ ní òkìtì. Lẹ́yìn náà ló ní ká fi orí ṣáájú. Ọ̀rẹ́ wa kan tó dàgbà sí Ìdànrè, tó ti ń fi àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lórí òkè wọn yangàn láti inú reluwé, ló kọ́kọ́ kígbe pé "Mo gbé o!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. (Òun náà ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nígbẹ̀yìn.)

Lókè, ilẹ̀ funfun, ojú ọ̀run funfun, kò síbi tí wọ́n ti pààlà. Amọ̀nà ń wo kọ́ńpáàsì, ó ń ka ìṣísẹ̀, títí a fi dé ibi ẹ̀rọ tó ń wọn ojú ọjọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ìjì tó sáré tó máìlì 173 ní wákàtí kan lọ́dún 1986. Tiwa ò tó ìdajì ìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.

Mo ní ẹjọ́ rò. Akoto tí wọ́n kó wá ò gba irun àwa tá a dirun. Ọ̀kan nínú wa jókòó sínú ọkọ̀ ó ń tú irun tó sanwó fún. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ká gbé oúnjẹ ọ̀sán, wọn ò sọ pé kò ní síbi tá a máa jókòó jẹ ẹ́. Jọ́lọ́ọ̀fù wa gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣí i. Búrẹ́dì àti ṣokoléètì nínú àpò ni kẹ́ ẹ mú, àti ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, torí ọ̀kan á tutù.

Bó bá jẹ́ fọ́tò lẹ ń wá, ẹ dúró de ìgbà ooru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìnyín, ẹ lọ lóṣù Kejì tàbí Ìkẹta. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.