Ilé àmàlà kan ní Bódìjà: ìwà madam ló ń mú mi padà lọ

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ. Ẹ̀yìn ọjà Bódìjà n'Íbàdàn ni wọ́n wà, àmàlà wọn rọ̀, kò ní kókó, ewédú wọn yọ̀ dáadáa torí ìjábẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é, wọn kì í fi blẹ́ńdà lọ̀ ọ́. Ògúnfe wọn jinná dénú. Ó dáa, ṣùgbọ́n Ìbàdàn la wà, àmàlà tó dáa ò wọ́n wa. Madam tó ni ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ọjọ́ kan a wà lórí ìlà, ọ̀sán gangan, ọmọbìnrin tó ń bu ọbẹ̀ bá tọ́ gbẹ̀gìrì wò, ó ní "Màmá, gbẹ̀gìrì yìí ti ń kan o." Lójú gbogbo wa! Ẹ mọ nǹkan tí ọ̀gá míì máa fojú ṣe sí i. Madam gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní "O ṣé ọmọ mi, ó ti kan lóòótọ́," ó ní kí wọ́n lọ dà á nù, odindi ìkòkò o, ó wá kọjú sí wa pé ká má bínú, kò sí àbùlà lónìí, ewédú àti ọbẹ̀ ata ló kù. Àwọn kan lọ, àwa tó kù jókòó jẹun. Ọmọ yẹn ń bu ọbẹ̀ ẹ̀ lọ, ara ẹ̀ balẹ̀.

Mo ti jẹun níbòmíì n'Íbàdàn yìí kan náà, mi ò ní dárúkọ wọn, tí ọ̀gá wọn máa ń dúró ti ìkòkò ẹran bí ọlọ́pàá, á máa ka ẹran, á máa pe àwọn ọmọ ní olè lójú oníbàárà, abọ́ tó bá sì fọ́, inú owó oṣù ló ti ń yọ ọ́. Gbẹ̀gìrì tó ti kan ni wọ́n gbé fún mi níbẹ̀. Mo pe ọmọ tó gbé e wá, ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, "Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọ̀gá, wọ́n á ní èmi ni mi ò tètè gbé e kaná." Ó ti mọ̀ látàárọ̀! Ọmọ yẹn ò burú rárá, ẹ̀rù ló ń bà á. Gbẹ̀gìrì tó jẹ́ ẹ̀wà, tí ooru kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó kan, ta ló máa sọ nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá sọ ni wọ́n máa bú? Oníbàárà ló máa wá jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ti Bódìjà yìí, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jẹun yó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà, inú ìkòkò kan náà tí wọ́n ti ń bù fún wa. Bí ó bá ti rẹ ẹni tó ń ro àmàlà, madam á gba omorogun lọ́wọ́ ẹ̀, á rò ó fúnra ẹ̀. Àwọn ojú tí mo mọ̀ níbẹ̀ látijọ́ ni mo ṣì ń rí, èyí ṣọ̀wọ́n gan-an nídìí iṣẹ́ oúnjẹ. Ìgbà tí mo wá gbà tán ni ìgbà tí madam rìnrìn àjò, mo rò pé wọ́n á ti máa ṣe bó ṣe wù wọ́n, àmọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀ ò yí padà, "ẹ káàbọ̀ mà, ẹ káàbọ̀ sà" wọn ò dín.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀: ooru pọ̀, àga ò tó, ẹran wọn sì gbówó lórí díẹ̀. Ẹ tètè lọ o, kó tó di aago méjì ògúnfe lè ti tán, ẹ sì mú owó lọ́wọ́ torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró.