Ṣọ́ọ̀bù mọkáníìkì tó ń bá wa tún Land Cruiser ṣe fún ìrìnàjò Òṣogbo sí Yúróòpù

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń sọ ọ́ látọdún tó kọjá pé èmi àti ọkọ mi fẹ́ wa mọ́tò láti Òṣogbo dé Yúróòpù, a ò ní wọ bàálù, ilẹ̀ la máa tẹ̀ títí dé Tangier ní Mòrókò ká tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Spain. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí pé ta ló ń tún mọ́tò ọ̀hún ṣe, ṣé Èkó la gbé e lọ ni àbí Ìbàdàn. Òṣogbo níbí náà ni o, ìlú aró. Ṣọ́ọ̀bù náà wà lọ́nà Ìkìrun, kò ní sáìnbọ́ọ̀dù, egungun bọ́ọ̀sì kan tí ewéko ti bò ló wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Bàbá tó ni ín ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wẹ́dà kan àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ wọn. Mo fẹ́ sọ gbogbo bó ṣe rí, èyí tó dáa àtèyí tó bí mi nínú, torí owó gidi la ná síbẹ̀.

Mọ́tò tá a rà ni Toyota Land Cruiser 78, èyí táwọn NGO máa ń lò, tí ìjókòó ẹ̀yìn ẹ̀ dojú kọra. Ẹ́ńjìnnì 1HZ ló wà nínú ẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì ni, sílíńdà mẹ́fà, lítà 4.2, kò ní tọ́bò tó ń ti atẹ́gùn kún ẹ́ńjìnnì, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan tó ń darí ẹ̀. Torí ìyẹn gan-an la ṣe rà á. Mọ́tò ayé òde òní, wáyà tín-ín-rín kan lè bà jẹ́ kó ní òun ò lọ mọ́, tó bá wá jẹ́ àárín aṣálẹ̀ Mauritania ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́, ta lẹ fẹ́ pè? Táǹkì méjì ló ní, lítà 90, lítà 90.

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ débẹ̀, mo mú lísìtì kan dání tí mo kó jọ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gùn bí ìwé ẹjọ́. Wíǹṣì tí wọ́n fi ń fa mọ́tò jáde, àgọ́ orí mọ́tò, fíríìjì, iná ńláńlá mẹ́fà, bàtìrì kejì, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bàbá wọ awò wọn, wọ́n ka lísìtì náà tán pátápátá, wọ́n wá ká a, wọ́n fi sápò. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ lọ kó gbogbo ẹrù tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wá, ká wọ̀n ọ́n ná.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Àfi bí wọ́n ṣe ní ká kó ẹrù wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù nítòsí ibẹ̀, a sì gbé e sórí ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, àpótí aṣọ, ìkòkò, sílíńdà gáàsì, táyà sípíà méjì, gbogbo ẹ̀. Kílò 410 ni, a ò tíì gbé omi o. Lítà omi kan, kílò kan nìyẹn, a sì fẹ́ gbé lítà 60.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá tú lísìtì náà palẹ̀. Wọ́n ní wíǹṣì yẹn, igi lẹ máa fi okùn ẹ̀ kọ́ kó tó lè fà yín jáde, igi wo ló wà nínú aṣálẹ̀? Èmi tí mo ti ń tọ́jú owó wíǹṣì láti oṣù mẹ́fà, n ò rónú débẹ̀ rí. Wọ́n ní àgọ́ orí mọ́tò máa jẹ́ kí òkè wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá wá dé ibi tí ọ̀nà ti dàgẹ̀rẹ̀ ó máa fẹ́ dojú dé, pé ẹ sùn sínú mọ́tò, ó gùn tó. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò gbogbo ẹ̀ ni ṣọ́bìrì méjì, irin pẹlẹbẹ oníhò méjì tí wọ́n máa ń tẹ́ síwájú táyà tó bá rì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà tí wọ́n ń so mọ́ bàtìrì, àti ohun tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà. Ìyẹn nìkan. Mọkáníìkì tó ń wá owó yín á ti ta wíǹṣì yẹn fún yín kíákíá, Bàbá ò tà á fún wa.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù yìí jù nìyí: wọn ò jẹ́ kí n jókòó. Mo ti mú ìwé tí mo ń kà lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, mo ní kí n jókòó sábẹ́ máńgòrò, Bàbá ní, “Àǹtí, ẹ bọ́ síbí, ẹ̀yin lẹ máa tú u.” Fíltà dísẹ́ẹ̀lì ni. Mo fi ọwọ́ mi tú u, wọ́n ní kí n da ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú ike funfun kí n wò ó. Omi ló wà nísàlẹ̀, ó dá dúró lábẹ́ dísẹ́ẹ̀lì bí ẹyin, ìdọ̀tí dúdú sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Wọ́n ní dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ máa rà lójú ọ̀nà bó ṣe máa rí nìyẹn, ẹ gbé fíltà mẹ́rin dání. Wọ́n wá kọ́ mi pé kí n bu dísẹ́ẹ̀lì mímọ́ kún tuntun náà, kí n fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà ẹnu ẹ̀, kí n fi ọwọ́ dè é, kì í ṣe sípánà, kí n wá máa tẹ pọ́mpù kékeré tó wà lórí ẹ̀ títí tó fi máa le koko mọ́ mi lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni atẹ́gùn ti jáde tán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é mọ́tò ò ṣíná, atẹ́gùn ṣì wà níbẹ̀. Mo tún un tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò mi fi bó, ló bá dáhùn. Mo pariwo, àwọn ọmọ iṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọkọ mi náà tú bẹ́ríìnì ẹsẹ̀ iwájú, ó kó gíríìsì tuntun sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kó tún un ṣe torí ó dè é jù.

Wọ́n tún gbé wa lọ síbi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ní ká wa mọ́tò wọ inú iyanrìn pẹ̀lú 40 psi (òṣùwọ̀n atẹ́gùn) nínú táyà, kò lọ jìnnà tó fi rì. Wọ́n ní ká fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ká wá tú atẹ́gùn sílẹ̀ títí dé 18. Ẹ wo táyà yẹn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, àmì tó fi sílẹ̀ nínú iyanrìn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, mọ́tò kan náà, iyanrìn kan náà, ó gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Kẹ́ ẹ má gbàgbé àtifẹ́ ẹ padà tẹ́ ẹ bá dé orí títì o, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ táyà á gbóná, á bẹ́.

Ní ti ọ̀nà, Bàbá fúnra wọn ti wa tírélà láti Kánò lọ sí Agadez nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà àtijọ́ yẹn, Zinder, Agadez, Arlit, títí wọ Tamanrasset ní Àlùjíríà. Ọ̀nà yẹn ló yá jù, ṣùgbọ́n àwọn ajínigbé àti oníbọn ti bà á jẹ́, látìgbà tí sójà sì ti gbàjọba ní Nìjẹ̀ ní July 2023 ni gbogbo nǹkan ti tún le sí i. A ò ní gba Mali náà. Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Côte d'Ivoire, Gínì, Sẹ̀nẹ̀gà, Mauritania, Western Sahara, Mòrókò, bá a ṣe máa gbà á nìyẹn. Òjò ò sì gbọ́dọ̀ bá wa nínú igbó Gínì, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tá a fi mú ìparí November. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò irú ẹ̀, Brown Card ti ECOWAS, ìyẹn íńṣọ́ránsì mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà, ò ní ṣiṣẹ́ fún yín ní Mauritania, wọ́n ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn láti ọdún 2000, íńṣọ́ránsì míì lẹ máa rà ní bọ́dà. Ní Guerguerat, láàárín bọ́dà Mauritania àti ti Mòrókò, bọ́ǹbù inú ilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ torí ìtọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé Pẹ̀lúmi Nubi, ọmọ Nàìjíríà obìnrin kan, wa Peugeot 107 kékeré láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní 2024, January 30 ló gbéra, April 7 ló wọ Èkó, tó sì ní jàǹbá ní Côte d'Ivoire tí wọ́n tún mọ́tò ẹ̀ ṣe tó ń bọ̀, wọ́n ní ṣé ẹ rí i, mọ́tò kékeré, ẹrù kékeré. Mo ní Kúnlé Adéyanjú gun ọ̀kadà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní 2022, ọjọ́ 41. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ìyẹn ò gbé ìkòkò.

Ó kan ohun tó bí mi nínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá, oṣù mẹ́ta ló gbà. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ bà jẹ́, wẹ́dà lọ síbi òkú, ọjọ́ mìíràn mo débẹ̀ mo bá mọ́tò níbi tí mo fi í sí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ekuru ti bò ó. Kárírà tí wọ́n jó sórí mọ́tò fún ẹrù ńkọ́? ₦380,000 la san fún un. Lọ́jọ́ tá a gbé e lọ dán wò lójú ọ̀nà eléèpẹ̀ lẹ́yìn Ìkìrun, mo gbọ́ kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ lókè, nígbà tá a máa fi gòkè wò ó, ojú ibi tí wọ́n jó ti là níbi méjì. Irin tó tín-ín-rín ni wọ́n lò, ọmọ iṣẹ́ ló sì jó o nígbà tí Bàbá ò sí nílé. Ká ní inú aṣálẹ̀ ni, ẹrù wa ì bá ti wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ẹjọ́ sùn kí wọ́n tó dá mi lóhùn, àmọ́ nígbà tí Bàbá fojú ara wọn rí i, wọ́n gé gbogbo ẹ̀ kúrò, wọ́n lo irin tó nípọn, wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọn kì í sì í kọ rìsíìtì, èmi ni mo ra ìwé rìsíìtì lọ́jà Ìgbọ̀nà tí mo ń kọ ohun tá a rà sí i tí wọ́n ń fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn láìka ẹ̀yà ara mọ́tò, ₦940,000 ni gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ó wọ́n lójú mi o, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, màá sì tún gbé mọ́tò padà síbẹ̀. Ẹni tó ń kánjú ni kó má débẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ gbé e, kárírà tuntun ti wà lórí ẹ̀, ó ku kí wọ́n kùn ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ débẹ̀, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ má lọ lọ́sàn-án Jímọ̀ torí Bàbá á ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ tí gíríìsì lè bà jẹ́, torí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ tú u fúnra yín.