Ìgò wo ló yẹ ìwúkàrà nílé?

Ìwúkàrà ni ìyẹ̀fun àti omi tí a pò pọ̀ tó ti kan, tí a fi ń mú búrẹ́dì wú. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó gba lítà kan la fọwọ́ sí. Ẹ má lo ike: kànrìnkànrìn máa ń ha á, òórùn kíkan á sì sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ ra òṣùwọ̀n oníbátìrì mọ́ ọn, kí ẹ fi wọn oúnjẹ ìwúkàrà: fún ìwúkàrà gíráàmù 50, ìyẹ̀fun gíráàmù 50, omi gíráàmù 50. Ife ò ṣe é gbára lé, torí ìyẹ̀fun tí a kì mọ́lẹ̀ wúwo ju èyí tí a rọra bù. Ẹ fi rọ́bà sàmì sí ibi tí ìwúkàrà dé lára ìgò, kí ẹ lè mọ bó ṣe wú tó. Ẹ má dé e pinpin o, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò! Nínú ooru, kíá ló ń wú, kíá ló ń rọlẹ̀; bí omi dúdú bá léfòó lórí rẹ̀, ebi ló ń pa á.